Gòjé Tí Wọ́n Gbé Kọ́ Ògiri Ilé Oníkànga

Ọmọ mi obìnrin, Nímọ́tà, ló fi fóònù kó àwọn ìbéèrè wọ̀nyí jọ. Ó ní àwọn tó ń gbọ́ orin wa ló ń bèèrè, pé kí n dá wọn lóhùn. Ó kà wọ́n fún mi títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gòjé ló ń bá mi sọ ọ́ láti ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ní báyìí tí mo ti fẹ̀yìn tì, kálàmù ni màá fi dáhùn. Ara mi balẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ju máìkì lọ.

Ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó béèrè. Àwọn kan nínú wọn ń rò ó bóyá kí àwọn kọ́ iṣẹ́ orin tàbí kí àwọn wá nǹkan mìíràn ṣe. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló bi mí: "Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n gba gòjé lọ́wọ́ yín ní Ilé Oníkànga? Ṣé ẹ rí i gbà padà?"

Òótọ́ ni. Wọ́n gbà á. Gòjé náà kì í ṣe tèmi, ti ọ̀gá mi ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wà lára ògiri wọn. Gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe lẹ́yìn ọjọ́ náà, ọ̀nà tí yóò gbà padà délé ni mo fi ń wá. Màá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn àwọn yòókù.

"Níbo lẹ ti pàdé gòjé?"

Olówógbowó ní Èkó ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi wá láti Ìjẹ̀bú, àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ ló ń tà ní Apọ́ngbọ̀n, èmi sì ń bá a tà á. Nígbà tí ẹgbẹ́ mi ń lọ sílé ìwé, ilé kéwú nìkan ni èmi ń lọ. Mo ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún nígbà tí ọkùnrin gíga kan wá sí ìsọ̀ wa, ó ní òun ń fẹ́ àgádágodo kékeré tí òun yóò fi ti àpótí kan. Bàbá mi bi í pé kí ló wà nínú àpótí náà tí àgádágodo ńlá kò fi ní dára fún un. Ọkùnrin náà ṣí àpótí, ó yọ gòjé jáde, ó fa ọrun lé e díẹ̀. Gòjé náà kí bàbá mi pé, "Ẹ kú ọjà o." Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ ṣeun o, à á jèrè."

Ọkùnrin yẹn ni Bàbá Láwàní, tó di ọ̀gá mi.

Fún ẹni tí kò rí gòjé rí: ààbọ̀ igbá ni, awọ àwọ́nríwọ́n ni wọ́n fi bò ó lójú. Wọ́n ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́, wọ́n na irun ìrù ẹṣin láti orí igi náà wá sí ojú awọ. Ọrun kékeré, tí òun náà ní irun ẹṣin, la fi ń fà á. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ló ti wá sọ́dọ̀ wa, àwọn olórin sákárà nílẹ̀ wa sì sọ ọ́ di tiwọn. Sákárà fúnra rẹ̀ ni ìlù amọ̀ pẹlẹbẹ tí a fi awọ ewúrẹ́ bò. Òun ló fún orin náà lórúkọ.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi pé mo fẹ́ kọ́ ọ, ó wò mí títí. Ó ní, "Múfú, àgádágodo kì í ṣàìsàn, òjò kì í sì í bà á jẹ́. Kí ló ṣe é tí kò fi wù ọ́?" Síbẹ̀, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá Láwàní náà ni. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n ṣàdúrà, ó tán.

"Ṣé ọ̀gá yín le?"

Ó le. Oṣù mẹ́jọ àkọ́kọ́, n kò fi ọwọ́ kan ọrun. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé gòjé sóòrùn. Atẹ́gùn ọ̀sà tó ń fẹ́ wọ àdúgbò wa tutù. Ó máa ń mú kí awọ rọ̀, ohùn gòjé á sì dà bí ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Bí òòrùn bá sì pọ̀ jù, awọ á le, á ya. Bàbá Láwàní á jókòó sínú yàrá, á kọ ẹ̀yìn sí ojú fèrèsé, á ní, "Múfú, yí i padà." Ó ní òun ń gbọ́ ọ bí awọ náà ṣe ń gbẹ. Mo rò pé àwàdà ni. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ.

Ọjọ́ tó kó ọrun lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fà á lẹ́ẹ̀kan péré, láti ìdí dé orí. Mo fà á. Ó ní, "Tún un fà." Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ń jẹun, tún un fà. Bó bá ń ṣe àlùwàlá, á na ìka sí mi, mo sì mọ ohun tó ń wí.

Òfin kan wà tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ wa, gòjé ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí a bá dé agbo ilé kan, onígòjé á fa oríkì ilé náà ní ìlà kan, olórin á gbọ́ ọ, á gbé e sẹ́nu, sákárà àti igbá tí a ń fi òrùka ọwọ́ lù á tẹ̀ lé e. Alàájì Tìámíyù, olórin wa, kì í ronú nípa ohun tí yóò kọ. Ohun tí gòjé bá sọ ló ń kọ. Nítorí náà Bàbá Láwàní ní gòjé kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ tí ẹnu onígòjé kò tíì sọ. Kí a tó jáde nílé, mo gbọ́dọ̀ jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí n ka oríkì ilé tí à ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lójú ọ̀nà, kí n tún máa kà á títí a fi dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi pa òfin yìí mọ́.

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní Ilé Oníkànga?"

Agbo ilé méjì kan wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n kọjú síra wọn. N kò ní pe orúkọ wọn gan-an nítorí àwọn ọmọ wọn wà láyé. Mò ń pe ọ̀kan ní Ilé Oníkànga nítorí kànga àtijọ́ tó wà láàárín àgbàlá wọn. Mò ń pe èkejì ní Ilé Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹjọ́ ilẹ̀ kan létí ọ̀sà ti gbé àwọn méjèèjì dé kóòtù, wọn kì í sì í kí ara wọn mọ́. Àwa olórin nìkan ló kù tó ń wọ ilé méjèèjì.

Oríkì Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní ìlà kan tí wọ́n fẹ́ràn púpọ̀: "Ọmọ adúró-lókè-wo-ohun-tí-aládùúgbò-ń-sè." Ti Oníkànga ní tirẹ̀ lọ báyìí: "Ọmọ oníkànga tí í fún àlejò lómi kó tó bi í lórúkọ."

Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń wí yìí, a ti fi ọjọ́ mẹ́ta ṣeré fídáù ní Ilé Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ní ọjọ́ Àìkú, Oníkànga ń ṣe wòlímọ̀, wọ́n sì ránṣẹ́ pè wá. Ibà dá Bàbá Láwàní dùbúlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó pè mí wọlé, ó gbé gòjé tirẹ̀ fún mi, èyí tí ọ̀gá tirẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, tó ní ẹ̀gbà fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́rùn. N kò tíì fà á níta rí. Ó gbọ́ oríkì Oníkànga lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀kan, òógùn ibà bò ó, kò lè gbọ́ ẹ̀ẹ̀kejì. Ó ní, "Máa sọ ọ́ títí o fi dé ẹnu ọ̀nà wọn."

N kò sọ ọ́. Ọmọbìnrin kan wà tó ń ta òwú ìránṣọ ní Apọ́ngbọ̀n, Rìsíkátù lorúkọ rẹ̀. Ó ti sọ fún mi pé ọ̀rẹ́ òun wà lára àwọn tó ń ṣe wòlímọ̀, pé òun yóò wá. Láti Olówógbowó dé Ìsàlẹ̀ Èkó, bí fìlà mi yóò ṣe gẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ni mò ń rò.

A jókòó. Mo rí Rìsíkátù nítòsí kànga. Mo di ojú bí mo ti máa ń rí ọ̀gá mi tó ń ṣe, mo fa ọrun. Ìka mi sì lọ sí ibi tó ti fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko lọ.

Alàájì Tìámíyù ya ẹnu, ó gbé e pẹ̀lú ohùn gbangba: "Ọmọ adúró-lókè-wo-ohun-tí-aládùúgbò-ń-sè." Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbọ́ ohun tó ń jáde lẹ́nu ara rẹ̀. Sákárà dákẹ́. Igbá dákẹ́. Èmi tí mo di ojú, mo rò pé torí kí àwọn èèyàn lè gbádùn gòjé dáadáa ni wọ́n ṣe dákẹ́. Mo tún fi ìlà kejì kún un.

Kò sí ẹni tó pariwo. Nígbà tí mo la ojú, obìnrin kan ló dúró níwájú mi. Alàájà Múnírátù ni, olórí àwọn ọmọ osú ilé náà. Ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ó na ọwọ́.

"Mú un wá."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ṣì í ni."

"Mo gbọ́ ohun tó wí. Mo fẹ́ bi í léèrè fúnra mi."

Mo gbé e fún un. Ó gbé gòjé sétí, ó dúró bí ẹni tó ń retí èsì. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju ìgbátí lọ. Ó ní, "Kò wí nǹkan kan mọ́. Ó dáa. Á wà lọ́dọ̀ wa títí á fi mọ ilé ẹni tó wà." Ó gbé e kọ́ ìṣó kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Ó wá yíjú sí gbogbo ẹgbẹ́ wa, ó ní, "Ẹ kó ẹrù yín. Kò sí omi fún yín nílé yìí mọ́."

A rìn jìnnà díẹ̀. Alàájì Tìámíyù wá dúró lójú ọ̀nà, ó ní, "Múfú, o fi ẹnu mi bú ẹni tó pè mí wá jẹun. Wọn kò sì tíì gbé oúnjẹ náà wá."

Nígbà tí mo délé, Bàbá Láwàní dìde jókòó lórí ẹní. Mo rò pé yóò nà mí. Ó kàn ní, "Gòjé dà?"

Mo ṣàlàyé.

"Ta ló gbà á?"

"Alàájà Múnírátù ni, sà."

Ó ní, "Kò ní fi í dáná." Ó tún dùbúlẹ̀. "Kò sí ẹni tó máa lọ bẹ̀ wọ́n. Ìwọ lo gbé e jáde, ìwọ lo máa gbé e wọlé."

Mo bi í pé ṣé kò ní lé mi ni. Ó ní, "Bí mo bá lé ọ, ta ló máa gbé e bọ̀?"

"Ṣé ó ṣe yín bíi kí ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀?"

Mo fi í sílẹ̀ fún oṣù kan. Mo padà sí ìsọ̀ bàbá mi. Rìsíkátù wá bá mi níbẹ̀, ó mú àgádágodo kan, ó ń yí i wò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èyí máa ń sọ̀rọ̀?"

Mo ní rárá.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kò ní í kó bá yín." Ó gbé e kalẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Wọ́n ní èmi lẹ ń wò tí ẹ fi ṣì í. Mi ò lè gbé ẹ̀bi yẹn kiri ní Èkó. Ẹ lọ gba gòjé ọ̀gá yín wá."

Mo ní Alàájà ti wí pé àfi bí gòjé bá mọ ilé wọn, báwo wá ni n ó ṣe kọ́ ọ̀rọ̀ ilé tí n kò lè wọ̀ mọ́. Oríkì díẹ̀ tí a mọ̀, tí à ń fi ṣeré níbẹ̀, kò ju ẹnu ọ̀nà lọ.

Ó ní, "Ṣé inú ilé yẹn nìkan ni àwọn ọmọ wọn wà ni? Àwọn obìnrin wọn kì í lọ sílé ọkọ?"

Ọ̀rọ̀ kan yìí ló di iṣẹ́ ayé mi. Obìnrin tó bá lọ sílé ọkọ máa ń kó ọ̀rọ̀ ilé bàbá rẹ̀ lọ, òun ló fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ọmọ Ilé Oníkànga kiri níbi tí wọ́n wà. Mo dé Òkè Àrìn, mo dé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, mo dé Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà. Ẹnìkan mọ ìlà mẹ́ta, òmíràn mọ méje. Ọ̀kan wà ní Obalende, Ìyá Ráfíù, tó ní òun mọ̀ ọ́n dé ọ̀dọ̀ baba-ńlá karùn-ún, ṣùgbọ́n bí òun kò bá ń wẹ ọmọ, kì í wá sí òun lẹ́nu. Kò sí ọmọ nílẹ̀ nígbà náà. Mo dúró oṣù márùn-ún kí ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó bímọ. Ọjọ́ kejì ìkómọ ni mo ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ agbada omi.

Ó ní, "Onígòjé, ṣé ìwọ náà fẹ́ wẹ̀ ni?"

Láti Obalende padà délé, mo ti gbàgbé ìdajì. Ìyẹn ló gbé mi dé ilé ìwé. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Rìsíkátù ti di ìyàwó mi, òun ló fi orúkọ mi sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́, kò tilẹ̀ bi mí léèrè. Mo jókòó láàárín ìyá ẹlẹ́ja kan àti bàbá tó ń tún bàtà ṣe. Tíṣà wa kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó ní kí kálukú kọ orúkọ rẹ̀. Èmi kò kọ orúkọ mi. "Ọmọ oníkànga tí í fún àlejò lómi" ni mo kọ, ó sì gbà mí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ọwọ́ mi yá, mo padà sí Obalende, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu Ìyá Ráfíù.

Nígbà tó yá, àwọn agbo ilé mìíràn gbọ́ pé onígòjé kan ń lọ káàkiri ó ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn ìdílé sílẹ̀. Wọ́n ní kí n wá kọ tiwọn náà. Ìwé kan fún ilé kan, títí àpótí kan fi kún. Ẹni tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ṣì í di ẹni tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ pé kì í ṣì í. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti wá. A ṣeré ní gbọ̀ngàn ńlá ní Oníkan, a ṣeré ní Ìbàdàn àti ní Kútọnu. Wọ́n gbà wá sínú kásẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà sínú sídì, ní báyìí inú fóònù ni. Mo ti rí ọmọ Èkó tó ń gbé ìlú òyìnbó, tó gbọ́ oríkì ilé rẹ̀ lára gòjé mi, tó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù kí òun náà lè gbọ́ ọ. Mo dúpẹ́. Iṣẹ́ yìí tọ́ ọmọ mi, ó kọ́lé fún mi, ó sì sọ mí di ẹni tó mọ̀wé.

"Kí ni ẹ rí sí ẹ̀rọ ayé òde òní?"

Ó dára púpọ̀. Kí máìkì tó dé, mo ní láti na ọrùn gòjé sí etí olórin kó tó gbọ́ mi lórí ìlù. Máìkì sinmi ọrùn mi. Mo gbìyànjú okùn ọ̀rá dípò irun ẹṣin, nítorí òjò kì í rí i gbé ṣe. Ohùn rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀rọ̀ nínú, mo sì padà sí irun. Ní ìgbà tí kíbọ́ọ̀dù gba ìgboro, ọmọkùnrin kan tó ń tẹ̀ ẹ́ sọ fún mi níwájú èèyàn pé, "Bàbá, bọ́tìnnì kan péré ni gòjé yín lára tèmi."

Mo ní, "Tẹ̀ ẹ́, kó kí mi."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó dún.

Mo ní, "Orúkọ mi dà?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó wá sílé mi, ó ní kí n kọ́ òun. Mo gbé ọrun fún un, mo ní kó fà á. Nígbà tó fà á tán, ẹ mọ ohun tí mo wí.

"Ìyàwó yín ńkọ́?"

Ọdún kẹfà rèé tí Rìsíkátù lọ. N kò ní sọ púpọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn rẹ̀, ó bi mí pé, "Bàbá Nímọ́tà, ṣé ó ṣì wà lára ògiri?" Mo ní ó ṣì wà níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ má gbé ọrun sílẹ̀ o, kó tó délé." Kò sí ẹlòmíràn tí mo ṣèlérí fún láyé mi lórí iṣẹ́ yìí.

Ní ọdún tó kọjá, ìka kan lọ́wọ́ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í le. Mo mọ̀ pé kò kù púpọ̀ fún mi. Àsìkò yẹn gan-an ni Ìyá Ráfíù, ìyá Obalende, pè mí lórí fóònù. Ó ti darúgbó púpọ̀.

"Múfú, wọ́n tún òrùlé ilé wa ṣe. Gbogbo ọmọ ilé máa péjọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Wọ́n fẹ́ gbọ́ oríkì ilé láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n pé mọ́, èmi náà ti ń gbàgbé. Alàájà Múnírátù fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ baba-ńlá kẹta ló ń dé tó ń pòrúùru. Mo ní ó wà lọ́wọ́ rẹ."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kó o wá. Ìwọ nìkan, má mú olórin dání. Má sì mú ìwé dání. Wọ́n ní bó o bá ṣì í lọ́tẹ̀ yìí, àwọn máa fi èyí tó wà lára ògiri se ọbẹ̀."

Mo lọ sí Olówógbowó lọ sọ fún ọ̀gá mi. Bàbá Láwàní ti súnmọ́ àádọ́rùn-ún ọdún. Ojú rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò lọ síbì kan. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Jókòó."

Mo jókòó sílẹ̀, èmi ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí mo dé ẹnu ilẹ̀kùn ló wá sọ pé, "Máa sọ ọ́ títí o fi dé ẹnu ọ̀nà wọn."

Mo sọ ọ́. Mo gbé gòjé tèmi kọ́ èjìká, mo fi ẹsẹ̀ rìn, mo ń sọ ọ́ sókè. Ọkùnrin kan tó ń ta búrẹ́dì dúró wò mí, ó ní, "Alàájì, ṣé àlàáfíà ni?" Mo gbé ọwọ́ sókè láti kí i, n kò dákẹ́. N kò rántí bóyá fìlà wà lórí mi.

Àgbàlá náà kún. Wọ́n fi Alàájà Múnírátù sórí àga nítòsí kànga, níbi tí Rìsíkátù dúró sí lọ́jọ́sí. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò ní kí n dìde, kò sì ní kí n má dìde. Ó fi ojú tọ́ka sí ìjókòó kan.

Mo la ojú sílẹ̀. Mo fa ìlà kìíní.

Kò sí olórin. Gòjé sọ ọ́ tán, àgbàlá dákẹ́. Mo fa ìlà kejì. Mo wá gbọ́ ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbé e. Alàájà ni. Ó gbé ìlà kejì, mo fún un ní ẹ̀kẹta, ó gbé ìyẹn náà. A lọ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ baba-ńlá kẹta, ó dákẹ́. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀. N kò sáré. Mo tún ìlà náà fà díẹ̀díẹ̀, bí mo ti gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada omi ní Obalende. Ojú rẹ̀ là. Ó gbé e. Láti ibẹ̀ lọ, àwọn àgbà obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á pọ̀ mọ́ ọn, ẹni tó mọ mẹ́ta, ẹni tó mọ méje. Ìka mi ń dùn mí. A dé ọ̀dọ̀ baba-ńlá karùn-ún. A dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbẹ́ kànga. Ìlà tó kẹ́yìn ni èyí tí gbogbo ilé mọ̀, ọmọdé àti àgbà ló sì gbé e pẹ̀lú mi: "Ọmọ oníkànga tí í fún àlejò lómi kó tó bi í lórúkọ."

Alàájà gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ bu omi fún un."

Wọ́n fa omi láti inú kànga náà. Mo mu ún tán. Ó wá bi mí pé, "Kí lorúkọ rẹ?"

"Múfútáù ni, mà. Ọmọ iṣẹ́ Bàbá Láwàní."

"Lọ mú un lára ògiri."

Mo lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Awọ ojú rẹ̀ ti ya, kòkòrò ti jẹ irun rẹ̀, ẹ̀gbà fàdákà ti dúdú. Ṣùgbọ́n kò sí eruku lára rẹ̀ rárá. Nígbà tí mo gbé e jáde, Alàájà rí i pé mò ń wò ó. Ó ní, "Lọ́dọọdún, kí ààwẹ̀ tó wọlé, èmi ni mò ń nù ún."

Mo ní, "Mà, kí ló dé tí ẹ kò fi ránṣẹ́ sí mi láti ọjọ́ yìí?"

"Ìwọ ńkọ́, kí ló dé tí o kò fi wá?"

Mo tún dọ̀bálẹ̀, mo gbé e lọ sílé.

Mo ra irun ẹṣin ní Obalende, mo wá awọ tuntun bò ó lójú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń gbé e sóòrùn, mo ń yí i padà. Nígbà tó gbẹ dáadáa, mo gbé e lọ sí Olówógbowó ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Bàbá Láwàní na ọwọ́ méjèèjì. Ó fọwọ́ pa igbá rẹ̀, ó fọwọ́ pa ọrùn rẹ̀, ìka rẹ̀ dé ibi ẹ̀gbà fàdákà, ó dúró níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó dá a padà fún mi.

"Fà á."

Mo fà á lẹ́ẹ̀kan, láti ìdí dé orí.

"Tún un fà."

Mo tún un fà. Mo wá bẹ̀rẹ̀ oríkì ilé tirẹ̀, ìdílé Láwàní, tó wà nínú ọ̀kan lára àwọn ìwé mi. N kò fà á níwájú rẹ̀ rí. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹní, ó fọwọ́ wá igbá tó fi ń mumi títí ó fi rí i, ó da omi inú rẹ̀ nù, ó dojú igbá náà délẹ̀ sórí itan. Ó fi òrùka ọwọ́ rẹ̀ kàn án.

Onígbá kì í ṣáájú nínú ẹgbẹ́ wa. Gòjé ló ń tẹ̀ lé.

Mo dá ọrun dúró, nítorí ó yà mí lẹ́nu.

Ó ní, "Kí lo dúró ṣe? Máa lọ. Mo wà lẹ́yìn rẹ."